Alhaja Hàmdálátù Modúpẹ́ Ṣóbándé (1958–2025): Obìnrin Tó Pe Ìwádìí Ara Rẹ̀ Padà

Ní oṣù Agẹmọ ọdún 1958, ní Ofin, Ṣàgámù, ni a bí Alhaja Hàmdálátù sí ìdílé Súmónù Olóbì, ìdílé mùsùlùmí tó ti ń ta obì láti ayé bàbá ńlá wọn. Bí àwọn ọmọdé bá ń bó obì, agbọ̀n ti Alhaja ló máa ń kẹ́yìn, nítorí wọ́n á ti jókòó ti èyí tí kòkòrò jẹ, wọ́n á máa tú u wò. Ìyá wọn a máa pariwo pé bíbó lòun bẹ̀ ẹ́, òun kò bẹ̀ ẹ́ ní àyẹ̀wò.

Wọ́n ka ìwé mẹ́fà àti girama ní Ṣàgámù, wọ́n wọ yunifásítì ní Ìbàdàn ní 1977, wọ́n sì gba oyè ọ̀mọ̀wé ní 1990. Ní 1984 ni wọ́n fẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Lásúnkànmí Ṣóbándé, olùkọ́ ìṣirò, èèyàn jẹ́jẹ́ tó ṣáájú wọn lọ ní 2016.

Pùrótéènì ni iṣẹ́ wọn. Bí pùrótéènì bá ti lo ìgbà tirẹ̀ nínú ara, ara a máa tú u ká, a sì dà á nù. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé bí ara kò bá rí wọn dà nù, jẹjẹrẹ á rí àyè wọlé. Ọ̀kan péré nínú wọn ni Alhaja fi ọdún mọ́kàndínlógún lé kiri, tí wọ́n ń wá ohun tó lè tú u ká.

Ní 2012, wọ́n kéde pé èèpo igi kan ń ṣe é. (A kò ní dárúkọ igi náà, kí ẹnikẹ́ni má baà lọ bó o.) Ìwé ìròyìn gbé e. Ẹ̀gbọ́n wọn, Alhaji Lìádì, ra àádọ́ta ẹ̀dà, wọ́n pín in kárí ọjà obì. Inú àwa ẹbí dùn, ká má parọ́. Kò pẹ́ tí àwọn èèyàn fi ń se èèpo náà mu.

Ní 2013, akẹ́kọ̀ọ́ wọn, Tolúlàṣẹ, tún iṣẹ́ náà ṣe lẹ́ẹ̀mẹta. Pùrótéènì kò lọ síbì kankan. Alhaja kò bá a jà. Wọ́n ń béèrè kiri, títí ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ yàrá ìwádìí wọn fi rántí pé nígbà Iléyá 2011, iná lọ fún ọjọ́ mẹ́rin gbáko, epo tán nínú jẹnẹrétọ̀, òun ló sì nu omi tó ṣàn jáde lábẹ́ fìríìsà. Kí àwọn òṣìṣẹ́ tó ti ìsinmi dé, gbogbo rẹ̀ ti dì padà. Ẹ gbọ́ o! Inú fìríìsà yẹn ni pùrótéènì tí wọ́n po èèpo mọ́ wà. Èyí tí wọn kò pò ó mọ́ wà nínú òmíràn tó ń lo sólà. Ooru ló ba pùrótéènì jẹ́, kì í ṣe èèpo.

Oyè ọ̀jọ̀gbọ́n wọn ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Alhaji Lìádì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gbé ẹnu dákẹ́, pé a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Alhaja ní ọ̀dọ́bìnrin aránṣọ kan wà ní Ipara, Fẹ̀hìntọlá, tó ní jẹjẹrẹ ọmú, tó sì ti pa oògùn ọsíbítù tì, tó ń mu èèpo, nítorí ilé bàbá yìí kan náà. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n kọ̀wé sí àwọn tó tẹ ìwádìí náà jáde pé ìwádìí àwọn kò tọ̀nà, kí wọ́n pa á rẹ́. Oyè bọ́.

Wọ́n wá gba Ipara lọ. Fẹ̀hìntọlá rò pé àwọn kan ti fi owó di Alhaja lẹ́nu; ó lé wọn jáde. Wọ́n padà lọ ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, àti èyí tó tẹ̀ lé ìyẹn. Ọjọ́bọ̀ kẹsàn-án ló gbà, wọ́n sì jọ wọkọ̀ lọ sí ọsíbítù. Ó lo ọdún mẹ́ta sí i. Dókítà ní ì bá jù bẹ́ẹ̀ lọ ká ní ó tètè padà. Ọ̀rọ̀ yẹn dun Alhaja títí wọ́n fi kú. Bí a bá ń ṣìpẹ̀, wọ́n á ní ká fi àwọn sílẹ̀.

Wọ́n padà sídìí iṣẹ́, wọ́n sì fẹ̀yìn tì ní 2023 láìgba oyè náà. Ìrun márààrún kì í yẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n jáde láyé ní oṣù Ọ̀wàrà 2025. Àwọn ọmọ wọn, Ridwanullah àti Raqeebah, ọmọ-ọmọ márùn-ún, àti Alhaji Lìádì ló gbẹ̀yìn wọn.

Ọdún méjì ni àwa ẹbí fi bá Alhaja yodì nítorí ìwé tí wọ́n fi pe ìwádìí padà yẹn. A ní wọ́n dójú tì wá. Nígbà tí a tún ń kí ara wa, a ṣe bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. A kò bẹ̀ wọ́n. Àwọn kan tilẹ̀ fẹ́ ká fo ibẹ̀ nínú ìtàn yìí. Alhaji Lìádì fúnra wọn ló ní ká kọ ọ́, ká sì fi orúkọ àwọn sí i. Alhaja, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú. Ẹ̀yin lẹ tọ̀nà, ojú yín ló yẹ ká ti sọ ọ́.

Kí Ọlọ́run forí jì yín, kó forí jì wá, kó fi Àlùjánnà Fìrídáúsì ṣe ilé yín. Ẹ sùn un re o, Ìyá wa.