Itọ́ Tí O Ní Kí N Tu Sínú Ìgò

Fergus, ọmọ mi,

Mo kí ọ o. Mo kí ìyàwó rẹ, mo kí àwọn ọmọ, mo kí ajá yín tó ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì bí ẹni tó ń san owó ilé. Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín ní Auckland níbẹ̀, ọkọ̀ kò ní gbá yín, ilé gíga kò ní wó lù yín. Inú tó ń bí ìyá kò ní kó má kí ọmọ rẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi kí ọ. Mo ti kí ọ tán báyìí. Fa àga kan, kí o jókòó, kí o pa rédíò, nítorí inú ń bí mi, kò sì tíì rọ̀ láti oṣù karùn-ún.

Bàbá rẹ wà dáadáa. Orúnkún ọ̀tún ló ń dùn ún, ó ní ti òsì náà ń múra sílẹ̀. Àgùntàn wa bí ìbejì púpọ̀ lọ́dún yìí, òtútù pa mẹ́rin nínú àwọn ọmọ. Afẹ́fẹ́ gúúsù ká páànù kan lórí ahéré tí a ti ń rẹ́ irun àgùntàn, bàbá rẹ sì gbé orúnkún yẹn gun òkè lọ kàn án, mo pariwo títí ohùn mi fi há. Ìyẹn kọ́ ni ìbínú tí mo ń wí. Èyí tí mo ń wí yìí, ìwọ lo fà á.

Nígbà tí mo pé ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin, tí àwọn ọmọ ẹlòmíràn ń fi ìbọ̀sẹ̀ ránṣẹ́ sí ìyá wọn, ìgò ni ìwọ fi ránṣẹ́ sí èmi. Ìgò òfìfo, kékeré bí ìka. O ní kí n tu itọ́ sí i kí n fi ránṣẹ́ sí àwọn kan tí n kò mọ̀ rí, pé wọn yóò fi bá wa wá àwọn ẹbí tó kù sí Skọ́tíláǹdì. Mo ní kí ló dé tí wọn ò kúkú bi mí, ẹnu tí itọ́ ti jáde ṣáà mọ ọ̀rọ̀ sọ. O ní itọ́ kì í purọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi lọ́kàn, àfi bí ẹni pé èmi ni mo máa ń purọ́. Wọ́n tún kọ ọ́ sínú ìwé pé n kò gbọdọ̀ jẹun kí n tó tu ú, mo wá jókòó síwájú páì ẹran tí bàbá rẹ ń jẹ, òórùn rẹ̀ ló jẹ́ kí ìgò náà tètè kún.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni èsì dé sórí fóònù. Wọ́n ní nínú ọgọ́rùn-ún mi, mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún jẹ́ ti Skọ́tíláǹdì, mọ́kànlá jẹ́ ti Norway. Mo bi bàbá rẹ pé apá ibo lára mi ni ti Norway, ó ní ẹsẹ̀ ni, pé òun ti ń sùn ti ẹsẹ̀ náà láti ọjọ́ pípẹ́, kò móoru rí. Wọ́n tún ní mo ní igi ìdílé kan lọ́dọ̀ wọn tó ń yọ ewé. N kò gbin igi kankan síbẹ̀. Mo kọ̀wé sí wọn pé bí igi náà bá wó lu ilé ẹnikẹ́ni, ọwọ́ mi ò sí ńbẹ̀ o. Wọn ò dá mi lóhùn. Dípò bẹ́ẹ̀ wọ́n ní àwọn ti rí ẹnì kan tó bá mi mu ní Skọ́tíláǹdì. Mo ní ó ti pé ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta tí mo ti wà nílé ọkọ, kí wọ́n lọ fi ọ̀rọ̀ náà lọ àwọn opó.

Obìnrin ni ẹni náà, Dolina lorúkọ rẹ̀, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, ó ti ṣiṣẹ́ ní ilé ìfìwéránṣẹ́ abúlé wọn létí òkun kó tó fẹ̀yìntì. Nígbà tó rí i pé n kò dáhùn lórí fóònù, ó kọ lẹ́tà gidi, pẹ̀lú kálàmù. Ó ní ọmọ-ọmọ-ọmọ Farquhar Gillanders ni òun, bí èmi náà ṣe jẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ Kirsty ni òun ti ṣẹ̀.

O mọ ìtàn wa, Fergus, ṣùgbọ́n màá tún un sọ kí o lè mọ ibi tó ti ń ta mí. Wọ́n sọ fún wa pé ibà pa Kirsty, ìyàwó Farquhar, àti ọmọ wọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láàárín ọ̀sẹ̀ kan, pé Farquhar fọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ sàréè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, pé ìbànújẹ́ ló lé e wọ ọkọ̀ ojú omi ní ọdún 1874, tó fi dé Niu Sílándì níbí, tó fẹ́ Margaret, tó sì kọ́ gbọ̀ngàn abúlé yìí. Àwòrán rẹ̀ wà lára ògiri gbọ̀ngàn náà. Lọ́dọọdún, Gillanders kan ní láti ka ìtàn yẹn sétí gbogbo ènìyàn, láti ìgbà tí bàbá mi sì ti kú, èmi ni. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n! Bí mo bá ti dé ibi sàréè mẹ́rin yẹn, ẹkún á gbọ̀n mí, gbogbo ilé á sì bá mi sun ún.

Ẹ̀dà ìwé kan wà nínú lẹ́tà Dolina, láti inú ìwé tí ìjọ wọn fi ń kọ orúkọ àwọn aláìní sílẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ sínú rẹ̀ nìyí: Kirsty Gillanders, ẹni ọgbọ̀n ọdún. Ọmọ mẹ́ta: Murdo, ọdún mẹ́fà; Johan, ọdún mẹ́rin; Annie, oṣù márùn-ún. Ọkọ kọ̀ ọ́ sílẹ̀, ó lọ sí Niu Sílándì. Ṣílè kan lọ́sẹ̀, pẹ̀lú ìyẹ̀fun.

Ọdún tí wọ́n kọ ọ́ ni 1875. Ẹni tí ibà ti pa ní 1874!

Mo fi ọwọ́ gbá tábìlì, tíì dà sí bàbá rẹ lára. Ojú ẹsẹ̀ ni mo kọ lẹ́tà sí Dolina. Mo ní àgbàlagbà tó ń purọ́ mọ́ òkú, ojú rẹ̀ kò ní ríbi wọ̀ lọ́run. Mo ní bí ebi ilẹ̀ wa bá ń pa á, kó sọ, kó yéé fi orúkọ àgbà ṣeré. Mo wá wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ilé ìkàwé ní Invercargill, kí n lè rí ẹ̀rí tí màá fi pa á lẹ́nu mọ́.

Obìnrin tó wà níbẹ̀ mọ iṣẹ́ rẹ̀, inú bí mi sí ìyẹn náà. Ó tẹ nǹkan lójú ẹ̀rọ, ìwé ìjọ yẹn fúnra rẹ̀ yọ, pẹ̀lú ìkọ̀wé akọ̀wé àti àbàwọ́n yíǹkì. Ó tún fi ìwé ìkànìyàn hàn mí. Ọdún mẹ́wàá-mẹ́wàá ni wọ́n máa ń ka ènìyàn níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ka Kirsty lẹ́yìn tí Farquhar lọ, wọ́n á bi í pé ṣé aya ni àbí opó. Ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ní kí wọ́n kọ aya. Ó ń retí rẹ̀, Fergus! Ní ìgbà kẹta yẹn, Margaret ti bí ọmọ márùn-ún fún Farquhar níbí, Farquhar sì ti di alàgbà ìjọ.

Mo délé, mo pe báǹkì pé mo fẹ́ gbowó, ọmọdébìnrin kan ní kí n tó lè gbowó, kí n sọ orúkọ ilé bàbá ìyá mi. Lọ́jọ́ yẹn gan-an! Mo ní ṣé ẹ̀yin náà ti gbọ́ ni? Mo bi í ta ló rán an. Ó ní nítorí ààbò mi ni. Mo ní bó bá jẹ́ ìdílé ló fẹ́ gbọ́, kó jókòó kó gbọ́ ọ dáadáa, mo bẹ̀rẹ̀ láti orí Farquhar, n ò tíì dé orí ìyá mi tó fi ní òun máa ti àpò owó mi pa ná. Wọ́n sì tì í pa lóòótọ́. Mo gbà pé ọ̀rọ̀ Farquhar ni wọ́n fi ń jẹ mí níyà.

Èsì Dolina dé. Mo ti múra ìjà sílẹ̀. Kò bú mi. Ó ní ìyá òun náà fi ìkòkò lulẹ̀ lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ rí ìwé náà. Ó ní òun ò fẹ́ ilẹ̀, òun ò fẹ́ àgùntàn, ohun kan ṣoṣo ni òun ń béèrè: ṣé a ní àwòrán Farquhar? Annie tó jẹ́ ọmọ oṣù márùn-ún yẹn, òun ni ìyá tó bí ìyá Dolina. Títí tó fi di arúgbó, bí ọkọ̀ ojú omi bá ti gúnlẹ̀, á sọ̀ kalẹ̀ lọ sí èbúté, á máa wo ojú àwọn àgbà ọkùnrin tó ń bọ́ sílẹ̀. Ó kú láìmọ irú ojú tí bàbá rẹ̀ ní.

Mo lọ bá Archie, ọmọ àbúrò bàbá mi, tó jẹ́ alága gbọ̀ngàn. Mo ní kó yọ àwòrán yẹn fún mi. Ó ní ẹ̀gbọ́n Mina, ẹ jẹ́ kí òkú sùn. Ó ní àjọ̀dún àádọ́jọ ọdún tí Farquhar dé ibí la fẹ́ ṣe, àwọn àlejò ń bọ̀, wọ́n ti tẹ ojú Farquhar sára igba aṣọ ìnuwo, kí ni ká fi wọ́n ṣe? Ó ní àti pé àwọn obìnrin ayé ìgbà yẹn le dáadáa. Archie yìí, tí kò lè dín ẹyin! Mo ní ṣílè kan lọ́sẹ̀ fún ẹnu mẹ́rin, ìwọ ń bá mi sọ̀rọ̀ aṣọ ìnuwo.

Ọjọ́ náà pé. Gbọ̀ngàn kún, wọ́n dá tíì, wọ́n to àkàrà òyìnbó sórí tábìlì. Wọ́n pè mí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtàn, mo ka ìtàn títí mo fi dé ibi sàréè mẹ́rin. Ojú gbogbo ènìyàn ti ń pọ́n kí ẹkún tó dé. Ẹkún ò dé. Mo pa ìwé dé, mo yọ ti aláìní jáde, mo kà á bí wọ́n ṣe kọ ọ́, orúkọ lẹ́yìn orúkọ, títí dé orí ìyẹ̀fun. Kò sẹ́ni tó jẹ àkàrà mọ́. Archie sáré wá gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó ní ẹ má bínú o, ó ti rẹ ẹ̀gbọ́n wa. Mo ní kò rẹ̀ mí, inú ló ń bí mi, wọn kì í ṣe ọ̀kan náà.

Mo fa àga, mo gùn ún láti yọ àwòrán náà. Bàbá rẹ fi orúnkún yẹn rìn gba àárín gbọ̀ngàn kọjá wá dì mọ́ àga. Ó ní òun ò gbọ́ gbogbo ohun tí mo sọ, ṣùgbọ́n òun rí ojú mi. Archie di etí kan àwòrán mú, èmi di ìkejì. Mo ní, Archie, kì í ṣe pé Farquhar fi wọ́n sílẹ̀ nìkan o. Ó fi ẹnu gbẹ́ sàréè fún ọmọ mẹ́ta tí wọ́n ṣì ń mí, kí ọrùn lè rọ̀ ọ́, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n sì nìyí tí èmi ti ń bá a sin wọ́n lọ́dọọdún, tí mo tún ń sunkún sí i. Mo ní ṣé o fẹ́ ká tún wọn sin lónìí ni?

Ó kàn tú ọwọ́.

Àwòrán náà gan-an la fi ránṣẹ́ sí Dolina, ẹ̀dà ló wà lára ògiri báyìí. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó pè mí lórí fóònù. Mo ti wọ fìlà ṣọ́ọ̀ṣì, mo gbé fóònù sétí, mo ń kígbe pé ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàárọ̀ o. N kò mọ̀ pé irú èyí tó ń fi àwòrán hàn ni, etí mi nìkan ló ń rí. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní kí n má tíì gbé e kúrò, pé etí Annie gan-an nìyẹn, títí dé ibi tó ti ṣẹ́ po lókè. Nígbà tí mo wá gbé e síwájú, mo rí i tó gbé Farquhar lé itan. Ó ní òun ti wò ó láti àárọ̀, òun fẹ́ kórìíra rẹ̀, ṣùgbọ́n imú ìyá òun ló ń wo òun lójú. Àwa méjèèjì sunkún. Inú ṣì ń bí mi nínú ẹkún náà.

Ohun tí mo fẹ́ lọ́wọ́ rẹ nìyí. Kirsty gbé ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n lẹ́yìn tí Farquhar lọ, igun àwọn aláìní ni wọ́n sì sin ín sí, kò sí òkúta lórí rẹ̀. Èmi àti Dolina fẹ́ fi òkúta síbẹ̀. Fi owó ránṣẹ́, kó má kéré, kí o fi sínú àpò ìwé, má gba báǹkì kọjá, wọn ò tíì ṣí tèmi. Fi owó ìbọ̀sẹ̀ kún un. Dolina ní kí wọ́n kọ aya Farquhar sí òkúta. Mo kọ̀ jálẹ̀. Mo ní kí wọ́n kọ Kirsty, kí wọ́n kọ Murdo àti Johan àti Annie, kí wọ́n sì kọ ọ́ sábẹ́ orúkọ wọn, gàdàgbà, pé ibà kò pa wọ́n.

Ọlọ́run á bù kún ọ, ọmọ mi. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ò ní bàjẹ́. Ibi yòówù tí o bá lọ, àwọn ọmọ rẹ á mọ ibẹ̀, wọn á sì mọ ojú rẹ. Bí o bá sì fi wọ́n sílẹ̀ lọ́jọ́ kan pẹ́nrẹ́n, kí itọ́ mi tó wà nínú ìgò yẹn tọ́ka ibi tí o sá sí fún mi, nítorí màá wá.

Èmi ni ìyá rẹ,
Mina