Bàbá Tí Wọ́n Dúró Kí Odò Fà: Ìgbésí Ayé Alàgbà Bólúwají Òṣúnníyì (1948–2025)

Ní Òkukù, níbi tí odò Ọ̀tìn ti ń rọra ṣàn lọ, ni wọ́n ti bí Alàgbà Bólúwají Òṣúnníyì ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹsàn-án ọdún 1948. Àgbẹ̀ kòkó ni bàbá wọn. Aṣọ ni ìyá wọn, Àbẹ̀ní, ń rẹ láró, òdìkejì odò sì ni oko wọn wà. Bí omi bá kún, ìyá yìí á jókòó sétí rẹ̀, á máa kọrin jẹ́jẹ́ títí omi á fi fà. Alàgbà Bólúwají ní àwọn ò rí i kó bá omi jà rí.

Wọ́n kàwé ní Òkukù àti Ìbàdàn. Ní ọdún 1977, wọ́n fẹ́ Ọlábímpé, aya ìgbà èwe wọn. Ọdún 1979 ni àwọn méjèèjì dé Houston. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Bàbá fi ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ epo ní Pasadena lẹ́bàá Houston, tọ̀sán-tòru, tí wọ́n ń ṣọ́ ìkòkò irin ńláńlá tó ń hó. Ọ̀rọ̀ wọn ni pé ẹni tó bá ṣí ìkòkò tó ṣì ń ru, ojú ara rẹ̀ ló fẹ́ bó.

Aládùúrà ni wọ́n, alálàá sì ni wọ́n. Àlá kan kò fi wọ́n sílẹ̀: odò Ọ̀tìn á ṣàn gba abẹ́ freeway, títì ńlá Houston, kọjá, omi á kún dẹ́nu, ìyá wọn á dúró ní òdìkejì, á máa juwọ́ pé kí wọ́n dúró ná.

Nígbà tí òtútù ńlá pa iná Houston ní oṣù Kejì ọdún 2021, Ọ̀gbẹ́ni Dèjì Láníhùn ṣí gbọ̀ngàn Ẹgbẹ́ Àjọṣe Yorùbá ní àdúgbò Westchase, wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, wọ́n fi ọbẹ̀ gbígbóná gba tọmọdé tàgbà. Ní oṣù Kẹfà, gbogbo ẹgbẹ́ dìbò yàn wọ́n ní alága. Ṣùgbọ́n nínú ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, èèyàn méje péré ló wà lẹ́yìn alága. Mẹ́jọ jẹ́ ti alátakò, Bàbá sì ni olórí wọn.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni alága ti kíláàsì Yorùbá ọjọ́ Sátidé pa, èyí tí Bàbá àti Ìyá Ọlábímpé dá sílẹ̀ ní 1994. Wọ́n gba yàrá àwọn ọmọ nínú gbọ̀ngàn, wọ́n ní kí wọ́n máa kọ́ Yorùbá lórí fóònù. Ó dun Bàbá wọra, nítorí àwọn ọmọ-ọmọ tiwọn gan-an kò tíì lè kí Ìyá káàárọ̀ tán.

Tìmí, tó kéré jù nínú àwọn mẹ́jọ, kò lè mú un mọ́ra. “Bàbá, a ní eight, wọ́n ní seven. Kí la tún ń dúró dè?”

“Tìmí, ẹni tó yá ọ níná nígbà òtútù, o kì í bá a jà kí ara rẹ tó móoru tán. Bí a bá yọ ọ́ lónìí, òfin ní kí gbogbo ẹgbẹ́ tún ìbò dì, ti alága àti ti ìgbìmọ̀. Wọ́n á gbé e padà, wọ́n á sì fi ìjókòó tiwa kún tirẹ̀.”

Síbẹ̀, ní ọdún 2023, Bàbá gbà fún Tìmí àti àwọn yòókù. Wọ́n mú Sátidé kan, wọ́n kọ ìwé ìyọnípò. Wọn ò rántí pé ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni alága ti ilé dé, níbi tí wọ́n ti lọ sin ìyá wọn. Kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ní láti dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n kí alága kú ara fẹ́ra kù. Ta ló máa kí ọlọ́fọ̀ tán, tí yóò tún nawọ́ sókè láti lé e? Bàbá ká ìwé náà sápò. Nínú ọkọ̀, wọ́n ní, “A ka ìbò, a ò ka ọjọ́.”

Láti ìgbà náà, wọ́n kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má bú alága. Wọ́n gbé àga oníke sábẹ́ igi níwájú ilé apartment wọn, wọ́n ń kọ́ ọmọ mẹ́ta ní Yorùbá. Ọmọ mẹ́ta di ogún. Àwọn òbí tó dìbò fún alága náà ń mú ọmọ wá. Lọ́jọ́ kan, Ìtẹ́olúwa, ọmọ alága fúnra wọn, sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ìyá-ìyá rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ káàárọ̀, sà.” Bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n sì mú ọjọ́ ìbò: Sátidé, ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kẹwàá ọdún 2025.

“Ká lé alága lọ wàyí?” Tìmí bi wọ́n.

“A ò lé e. A máa ní kó dá yàrá àwọn ọmọ padà. Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ pàápàá ń fẹ́ ẹ. Tó bá gbà, a ti jèrè. Tó bá kọ̀, òun ló bá wọn jà, kì í ṣe àwa.”

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìndínlógún, ni Bàbá sùn tí wọn ò jí mọ́. Àwọn kan ní kí ìbò náà máa lọ, nítorí omijé wà lójú gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n Bàbá ti sọ fún Ìyá tẹ́lẹ̀: “Bí mo bá lọ kí ọjọ́ tó pé, ẹ má fi òkú mi wá ìbò.” Tìmí fúnra rẹ̀ ló sún un sí ọjọ́ kejìlélógún oṣù Kọkànlá.

Alága wá kí ilé. Wọ́n jókòó pẹ́ lórí àga oníke náà lábẹ́ igi, kí wọ́n tó bi Ìyá léèrè ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ yàrá máa wáyé. Wọ́n ní àwọn àti Ìtẹ́olúwa máa wà níbẹ̀.

Àwọn tó gbẹ̀yìn Bàbá ni Ìyá Ọlábímpé; àwọn ọmọ, Bísọ́lá, Tófúnmi àti Olúwaṣeunfúnmi; àwọn ọmọ-ọmọ, Zion, Zoe àti Ìlérí; àti ogún ọmọ abẹ́ igi.

Bàbá, omi ti fà. Àbẹ̀ní ń juwọ́ pé kí ẹ máa bọ̀. Ẹ rọra kọjá o, kí ẹ sùn un re.