Ìran Kẹfà Ń Bọ̀ Lóṣù Kọkànlá

Ọmọ mi àtàtà, àkọ́bí mi, ọkọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Iṣẹ́ ń kọ́? Ìyàwó mi ń kọ́? Àtẹ̀gùn ilé yín tí kì í tán yẹn, ṣé kò tíì ba orúnkún rẹ jẹ́? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ẹ ní ìlú tí èèyàn kì í ti í kí ara wọn kò ní sùn lórí ọ̀rọ̀ rẹ. Àwa náà wà láàyè. Atẹ́gùn ti ṣí páànù lórí ilé ìdáná, ewúrẹ́ aládùúgbò ti jẹ aṣọ oníbàárà mi kan débi ìgbáròkó, èmi àti ẹni tó ni ewúrẹ́ ò sì kí ara wa mọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ni mo torí ẹ̀ mú bírò.

Mo gbọ́ o. Mo gbọ́ gbogbo ẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá tí o pè mí, lẹ́yìn tí o ti kí mi pé ó dàárọ̀, o ò pa fóònù. Èmi náà ò pa á, torí ẹni tó pe èèyàn ló ni ìpè, òun ló yẹ kó pa á. Mo kọ́kọ́ rò pé o gbàgbé ni, àfi ìgbà tí mo gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ ni mo tó mọ̀ pé o mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ ni. Ojú ń tì ẹ láti fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́ fún mi, o wá ní kí n fi etí ara mi gbọ́. Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni ẹ́. Mo gbé fóònù lé orí ẹ̀rọ ìránṣọ mi, mo pe bàbá rẹ, àwa méjèèjì sì dákẹ́ bí ẹni tí wọ́n fẹ́ pín ogún fún.

Ọ̀rẹ́ rẹ tí ohùn rẹ̀ dà bí ẹ̀rọ ìlọta ló là á mọ́lẹ̀. Ó ní ìran karùn-ún ti gbó, pé ìran kẹfà ló ń bọ̀ lóṣù kọkànlá, pé ọdún méje gbáko lẹ ti ń retí ẹ̀. Bàbá rẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìka: bàbá tó kọ́ ilé yìí ni ìkíní, ọmọ rẹ̀ alágbẹ̀dẹ ni ìkejì, bàbá tó bí bàbá rẹ ni ìkẹta, bàbá rẹ ni ìkẹrin, ìwọ ni ìkarùn-ún. Ó bá a mu! Ṣùgbọ́n sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ kó yé sọ pé ìran karùn-ún ti gbó, ọmọ ogójì ọdún ò tíì gbó, irun orí ẹ ló kàn ń sá lọ. Ọdún méje náà nìyẹn tí ẹ ṣègbéyàwó. Mi ò bi yín léèrè rí, ọmọ mi, torí ojú ìyàwó mi ni. Tí àwọn oníbàárà bá bi mí, ṣe ni màá fi abẹ́rẹ́ há ẹnu kí n má baà lè dáhùn. Nígbà tí ẹ wá kẹ́yìn mi ò rí ikùn kankan lára rẹ̀, àmọ́ àwọn kan wà tí tiwọn kì í yọ.

Mi ò mọ̀ pé ìṣègùn ti débi tí wọ́n ń ṣà á bí ẹni ń ṣa aṣọ. Ọ̀rẹ́ rẹ ní oríṣi méjì ló wà, èyí tó lẹ́nu àti èyí tí kò lẹ́nu, pé èyí tí kò lẹ́nu ló dínwó. Ìwọ ní èyí tó lẹ́nu lo fẹ́. O ṣeun! Ẹnu-bí-abẹ ni wọ́n ń pè mí níbí, ẹnu náà ni mo sì fi ń gba owó iṣẹ́ mi. Ọmọ tí ò bá lẹ́nu, ayé á rẹ́ ẹ jẹ. Ẹ tún ní dúdú wà, funfun wà. Ẹ jọ̀ọ́, dúdú ni kẹ́ ẹ mú. Bàbá rẹ dúdú, ìwọ náà dúdú, tí ẹ bá wá gbé funfun wálé, kí la fẹ́ sọ fún ẹbí? Ẹ ní wọn kì í fún ẹnì kan ní méjì. Èyí dùn mí, torí ìbejì wà nílé wa, ta wá ni dókítà tó ń wọn ẹ̀bùn Ọlọ́run fún èèyàn? Wọ́n tún ní ó di ọdún méje òmíì kí èyí tó kàn tó jáde. Ẹ má gbà fún wọn. Ọdún méjì-méjì ló dáa.

Ẹ̀rọ géèmù tí ìwọ àti ọ̀rẹ́ rẹ máa ń tẹ̀ nídìí tẹlifíṣọ̀n sì ń dún gbì-gbì lábẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Géèmù báyìí, géèmù báyẹn. Àgbà méjì ń sọ̀rọ̀ ọmọ, ọwọ́ wọn ò sì kúrò lórí eré!

Ibi tó ká mi lára jù ni ibi tí ẹ ti ń jiyàn. Ọ̀rẹ́ rẹ ní ìran tuntun yìí kò ní gba ti àtijọ́, pé kí ẹ kó àwọn ti àtijọ́ sínú páálí kí ẹ gbé wọn sí ẹ̀yìnkùlé. Mo wo bàbá rẹ, bàbá rẹ wò mí. Ìwọ wá gbóhùn sókè pé irọ́ ni, gbogbo ti àtijọ́ pátá ló máa gbà, bí kò bá sì gbà wọ́n o ò ní jẹ́ kó wọlé rẹ. Ọmọ mi, mo sunkún. Bàbá rẹ ní eruku igi ló kó sóun lójú, bẹ́ẹ̀ ó ti pẹ́ tó ti fọwọ́ kan igi gbẹ̀yìn.

Nígbà tí ọ̀rẹ́ rẹ ní ó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, pé kò ní wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù abẹ́ tẹlifíṣọ̀n, ṣe ni bàbá rẹ fò dìde. Kọ́bọ́ọ̀dù kẹ̀? O mọ̀ pé látìgbà tí ọwọ́ ti ń gbọ̀n ọ́n ló ti ti ṣọ́ọ̀bù káfíńtà rẹ̀ pa, ẹ̀yìnkùlé ló ń jókòó sí, tí ń wo ògiri. Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, ìró ayùn ni mo gbọ́. Ó ti kan ibùsùn ọmọ kan báyìí, ó họ gbogbo etí ẹ̀ kó má baà gún un, ó tún lu ihò sí i yíká, torí ẹ ní ó máa ń gbóná, ó sì gbọ́dọ̀ máa rí afẹ́fẹ́. Ó ń kọrin nídìí ẹ̀. Mo ti gbàgbé pé ọkùnrin yẹn mọ orin.

Ìyàwó mi ni kí o tọ́jú. Mo gbọ́ tó ń sọ pé owó tí o fẹ́ fi san án, owó dókítà ni, pé ẹ fi ẹnu ṣọ́ ẹnu kí ẹ tó rí i tù jọ, pé dókítà ti dá ọjọ́ fún yín, kí o jọ̀ọ́ má fọwọ́ kàn án. O ní dókítà ò ní sá lọ, ṣùgbọ́n èyí lè tán. Ilẹ̀kùn wá dún gbàà, mo sì gbọ́ ẹkún. Má bínú sí i, bí aboyún ṣe ń ṣe nìyẹn. Nígbà tí mo lóyún rẹ, mo ju bàtà lu bàbá rẹ torí pé ó ń mí. Àmọ́ ìwọ lo gba ọ̀rọ̀ sọ. Owó tí èèyàn ń tọ́jú nítorí ọmọ, tí ọmọ bá ti ń bọ̀, kí la tún ń tọ́jú ẹ̀ sí? San án, kí wọ́n má lọ gbé tiwa fún ẹlòmíì. Tí ó bá bínú, sọ fún un pé èmi ìyá ọkọ rẹ̀ ni mo ní kí o ná an.

Nínú owó náà, yọ díẹ̀ fún wa, torí a fẹ́ gbé ibùsùn náà wá bá yín, awakọ̀ sì ní ibùsùn á san owó ọkọ̀ bí èrò. Má fi gba báńkì o. Akọ̀wé wọn ní inú fóònù mi lowó wà, mo ṣí i lẹ́yìn, bátìrì nìkan ni mo bá. Ẹni tó bá ń bọ̀ nílé láti ọ̀dọ̀ yín ni kí o fi rán.

Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ò ní bà jẹ́. Ohun tí o fẹ́ràn jù ò ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ níṣojú rẹ. Ní kí ìyàwó mi nu ojú ẹ̀. Lọ́jọ́ tí o bá gbé e délé, má tíì fi hàn án, jẹ́ ká dé. Èmi ni mo máa gbà á lọ́wọ́ rẹ, èmi ni mo sì máa gbé e lé ìyàwó mi lẹ́sẹ̀, kí ọdún méje yẹn lè tán lára rẹ̀.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.