Iyán Tèmi, Láfún Tirẹ̀

Ọjọ́rú, 9 Oṣù Karùn-ún, 1956
Monínúọlá tún ṣubú lẹ́nu ọ̀nà. Ìyàwó tí mò ń pè ní Ẹlẹ́sẹ̀-Kíá. Lọ́dún tó kọjá a jọ fẹsẹ̀ rìn dé Ìyìn, èmi ni mò ń mí hẹlẹ. Ó ní ilẹ̀ dà bí òwú lábẹ́ ẹsẹ̀ òun. Ojú náà ń ṣe bàìbàì.

Ọjọ́ Ẹtì, 11
Ilé ìwòsàn. Dókítà òyìnbó fi abẹ́rẹ́ gún un látẹ́lẹsẹ̀ wò, kò mọ̀ ọ́n lára. Ó ní àìsàn iṣan tó jọ ọ́ wà nílùú àwọn. Àwọn kan ń fura sí bọ́tà àti ọ̀rá ẹran, kò tíì dá ẹnikẹ́ni lójú. Níhìn-ín, ẹ̀gẹ́ ni òun ń fura sí. Kí ni ìyàwó mi ń jẹ?
Inú bí mi. Ọmọ Èkìtì, tíṣà — ẹ̀gẹ́ kẹ̀? Mo ní iyán là ń jẹ nílé mi. Monínúọlá wolẹ̀. Dókítà fa igi lé ohun tó kọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 29
Kò dá mi mọ̀ àfìgbà tí mo sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 2 Oṣù Kẹfà
Ìyá Kúdírát, ará Ìwó tó ń ta láfún l'Ọ́jà Ọba, wá kí aláìsàn. Ó gbé láfún dání — ó ní oníbàárà òun ò wá mọ́, lòun fi gbé tirẹ̀ wá. Mo ní bóyá ó ṣì ilé. Ó ní ọdún kẹfà rèé tí ìyàwó mi ti ń rà á lọ́wọ́ òun.
Mo bi Monínúọlá. Ó ní látìgbà tí èmi ti wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ni iṣu ò ti tó ẹni méjì. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í jókòó tì mí jẹun. A máa ní òun ti jẹ ní ilé ìdáná. Èmi náà a sì máa jẹ iyán mi lọ.
Kí ló dé tí kò sọ fún dókítà?
Ó ní, “Ẹ ti dáhùn. Ṣé kí n sọ yín di òpùrọ́ lójú òyìnbó ni?”
Ẹyin lohùn. Ẹ̀bi mi ni. Mi ò bèèrè rí.

Ọjọ́ Ajé, 4
Mo padà lọ sọ òótọ́. Dókítà ní kó fi láfún sílẹ̀, kó máa jẹ ẹja àti ẹyin. Ẹsẹ̀ lè sàn díẹ̀. Ojú — ó mirí.

Ọjọ́ Àìkú, 10
Mo gúnyán fúnra mi. Kókó pọ̀ nínú rẹ̀. Àwọn aládùúgbò ń wò mí. Kí wọ́n máa wò. Mo jókòó tì í, mo fi ọwọ́ rẹ̀ sínú àwo. Ó fọwọ́ wá ibi tó tóbi jù, ó bù ú, ó nà án sí mi.
Mi ò sí níbi tó nà án sí. Mo dìde, mo lọ jókòó síbẹ̀.