Oògùn Kọ́ Ló Ba Oyún Mi Jẹ́

Ìyá mi àtàtà, ẹ kú ilé o, ẹ sì kú àìrí wa. Èmi Sàlámátù ni mo kúnlẹ̀ ní Tamale, ní Gánà níhìn-ín tí mo ń kí yín. Mo kí ẹ̀gbọ́n mi Ràṣídì àti ìyàwó rẹ̀. Mo kí àwọn ìyá gbogbo ní agbo ilé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo sì kí àbúrò mi Ṣìfáwù, tí ọ̀rọ̀ yìí kàn jù lọ. Ọyẹ́ ti dé sọ́dọ̀ wa. Eruku gba ojú ọ̀run, ètè wa sì ń là. Ọjà àwo àti ìkòkò mi ní Tishigu ń tà díẹ̀díẹ̀. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.

Àmọ́ inú ń bí mi, Ìyá mi, n kò sì ní fi pamọ́. Mo gbọ́ ohùn yín tí ẹ fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Ẹ ní Ṣìfáwù ti gbọ́ràn sí àgbà lẹ́nu, pé ó ti da oògùn ìtọ̀ ṣúgà rẹ̀ nù, nítorí pé ó fẹ́ lọ gba ìtọ́jú ọmọ bíbí ní Ìbàdàn. Ẹ ní oògùn yẹn ló ba oyún tèmi jẹ́, ẹ kò sì fẹ́ kí ó ba tirẹ̀ jẹ́. Inú yín dùn bí ẹ ti ń sọ ọ́. Èmi jókòó sáàárín ọjà mi, mo tún un gbọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín? Nítorí pé gbogbo agbo ilé ti gbọ́ irọ́ náà ni mo ṣe kọ lẹ́tà yìí sí gbangba. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kà á sókè.

Ẹ mọ̀ pé ìtọ̀ ṣúgà tó pa bàbá wa ti wà lára mi kí n tó fẹ́ Múfútáù. Ohun tí ẹ kò mọ̀ ni bí wọ́n ṣe ṣe mí. A ta ilẹ̀ tí a rà sí Dungu, a lọ sí ilé ìwòsàn kan ní gúúsù, níbi tí wọ́n ti ń mú ẹyin obìnrin àti àtọ̀ ọkùnrin pàdé níta kí wọ́n tó gbé e padà sínú ilé ọmọ. Mo sọ fún dókítà ibẹ̀ pé mo ní ìtọ̀ ṣúgà. Ó mi orí, ó sì bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn. Kò yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò láti mọ ibi tí ṣúgà náà ga dé.

Mo lóyún. Nígbà tí a padà dé ilé wa ní Kpalsi, ní Tamale níbí, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, tí a ń pè ní Yàyá Rámátù, ní oògùn ṣúgà máa ń sun ọmọ nínú. Ó kó o lọ, ó fi àgbo rọ́pò rẹ̀. Òùngbẹ ń gbẹ mí, ojú mi ń ṣú, oyún náà sì bàjẹ́. Ilé ìwòsàn ní ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn, pé kí a wá tún un ṣe. Yàyá ní èyí tí mo ti lò tẹ́lẹ̀ ló ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀ mi. Kò sí ẹni tí mo lè fi Yorùbá wa sunkún fún. Àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí síbí gbọ́ ọ, àmọ́ Hausa ni wọ́n fi ń dá mi lóhùn: hàkúrí, hàkúrí, kí n ṣáà mú sùúrù.

Mo lọ bá dókítà obìnrin tó ń tọ́jú ṣúgà mi níbí. Ó yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò.

Ó ní, “Sàlámátù, ta ló wo ṣúgà rẹ kí wọ́n tó gbé ọmọ sínú rẹ?”

Mo ní kò sí. Ó bínú débi pé ó dìde lórí àga. Ó ṣàlàyé pé bí ṣúgà bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, ó lè ba oyún jẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì lè ṣe ọmọ náà ní jàǹbá. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, gẹ̀gẹ̀ àti ìju inú ilé ọmọ náà lè ba oyún jẹ́: ó yẹ kí wọ́n bojú tó gbogbo rẹ̀ kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀. Ó ní òótọ́ ni pé oògùn mìíràn kò bá oyún mu, ṣùgbọ́n dókítà ló ń pààrọ̀ rẹ̀, a kì í kàn dà á nù. Abẹ́rẹ́ ló fi pààrọ̀ tèmi. Kò ṣèlérí ọmọ fún mi. Ó ní ohun tí òun lè ṣe ni kí òun tún ara mi ṣe.

Mo dín tuwó jíjẹ kù, mo ń fẹsẹ̀ rìn lọ sọ́jà kí oòrùn tó mú. Yàyá pe ìpàdé ẹbí, ó ní ọjọ́ orí mi ń lọ, kí Múfútáù fẹ́ ìyàwó mìíràn. Ẹ mọ ọkọ mi, kì í sọ̀rọ̀ níbi tí àgbà bá wà. Lọ́jọ́ yẹn, ó sọ̀rọ̀.

“Yàyá, hàkúrí. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó máa gbé ọmọ kọ́kọ́ gbádùn ara rẹ̀.”

Ìpàdé náà tú ká. Nígbà tí ṣúgà mi wálẹ̀, a lọ sí ilé ìwòsàn mìíràn; àìsàn mi ni wọ́n kọ́kọ́ béèrè. Ìyá mi, oyún náà dúró. Ó ti ń yí nínú mi báyìí. Inú lẹ́tà yìí lẹ ti kọ́kọ́ ń gbọ́ ọ. Ọlọ́run ló mọ bí yóò ṣe parí, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ń dùn mí: ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, ilé ọmọ mi ni gbogbo ènìyàn ń béèrè. Kò sí ẹni tó béèrè èmi tí mo ni ín.

Mo ti pe Ṣìfáwù. Ó sunkún. Ó ní òùngbẹ ń gbẹ òun, ojú òun ń ṣú. Mo bẹ̀ ẹ́ kó padà sídìí oògùn, ó ní àfi bí ẹ̀yin fúnra yín bá sọ ọ́; bí oyún tí òun ń wá kò bá dúró, wọn yóò ní nítorí pé òun ṣe àìgbọràn sí ìyá òun ni. Ẹnu yín ló ń wò. Ẹ pè é lónìí. Ẹ ní kó padà sọ́dọ̀ dókítà rẹ̀, kí àwọn ará Ìbàdàn sì dúró dìgbà tí ara rẹ̀ bá gbà á. Bàbá wa ti lọ, Ìyá mi. A kò ní fi Ṣìfáwù tẹ̀ lé e.

Kí Ọlọ́run lọ́ra ẹ̀mí yín, kí ẹ fi ọwọ́ ara yín wẹ ọmọ fún àwa méjèèjì. Ẹ bá mi kí ará ilé, ẹ bá mi kí ará àdúgbò. Múfútáù ní kí n kí yín.

Èmi ni, pẹ̀lú ìbínú àti ìfẹ́,
ọmọ yín,
Sàlámátù