Sí Elray Meaux, Tó Gba Orin Sílẹ̀ Lódindi

Ọdún mẹ́ta rèé tí o ti lọ, Elray. Ọdún mẹ́ta! Òní ni Ọjọ́ Gbogbo Ẹni Mímọ́, mo sì ti wá kun sàréè rẹ ní ọ̀dà funfun, bí a ṣe máa ń kun ti bàbá rẹ àti ti bàbá tó bí i. Ọ̀dà wà ní ìka mi, ó wà lára bàtà mi, ó tún ta sí mi nírun. Àwọn tó kù ti kun ti àwọn èèyàn wọn tán, wọ́n ti lọ jẹun. Èmi ò tíì ń lọ. Mo ní ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ọ sọ, ọ̀rọ̀ náà ò sì ṣe é sọ lójú Fadá.

Kí n kọ́kọ́ ròyìn ilé fún ọ. Renelle ti bímọ, Bàbá Renelle! Obìnrin ni. Imú rẹ ló gbé wáyé, mo sì ń gbàdúrà kó má gbé híhanrun rẹ mọ́ ọn. Ilé tí omi wọ̀ nígbà ìjì, a ti gbé e sórí òpó, ó ga débi pé àtẹ̀gùn ẹ̀ ń mú mi léékún. Àbúrò rẹ ní kí n ta adágún edé. Mo ní kó lọ ta tiẹ̀. Edé ń bẹ níbẹ̀, ìrẹsì hù dáadáa lọ́dún yìí, gbèsè kankan ò sì wà lọ́rùn wa.

Gbogbo ìyẹn dáa. Ohun tó mú mi dúró síbí ni ti Hewitt Trahan.

Hewitt, ọ̀rẹ́ rẹ! Hewitt tó ń bá ọ lọ sí gbogbo gbọ̀ngán ijó láti ìgbà tí ẹ̀yin méjèèjì ò tíì hu irùngbọ̀n. Ìwọ lo máa ń ru báàgì maikirofóònù, òun a máa ru ikùn rẹ̀. Ìwọ á gbé maikirofóònù méjì ró níwájú àwọn olórin, wàá sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sí i kí orin tó bẹ̀rẹ̀: ọjọ́ tó jẹ́, gbọ̀ngán tí ẹ wà, ẹni tó ń ṣeré, ẹni tó ń gbà á sílẹ̀. Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń gba orin sílẹ̀ lẹ máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún lo fi ṣe é, o ò gba kọ́bọ̀ lórí ẹ̀. Nígbà tí Renelle dàgbà tó láti máa lu irin onígun mẹ́ta lẹ́yìn Adley àgbà, olórin tó ń tẹ akọ́díónì, o gba ìyẹn náà sílẹ̀, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ. Mo rí ọ.

Nínú kọ̀ǹpútà, odindi ni o máa ń tọ́jú orin náà. O ò ní yọ nǹkan kan kúrò, fáìlì á tóbi, á gba gbogbo àyè, èmi á sì máa ráhùn. Ìwọ a ní, "Verna, bí mo bá ju ohun tí etí tèmi ò gbọ́ nù, báwo ni mo ṣe mọ̀ pé etí ọmọ ọmọ wa ò ní gbọ́ ọ?"

Hewitt wá ní òun fẹ́ máa gbọ́ orin yẹn nínú mọ́tò òun. Ẹ̀rọ orin inú mọ́tò rẹ̀ ti gbó, kò lè ka fáìlì ńlá. Ìwọ èèyàn rere, o jókòó tì í, o fún gbogbo ẹ̀ pọ̀ di kékeré fún un. O ṣàlàyé fún un pé kọ̀ǹpútà á ju àwọn ohùn tínrín-tínrín orí orin nù kí ìyókù tó lè kéré. Ǹjẹ́ ó gbọ́? Ó ń jẹun. Ohun tó sọ ni pé, "Elray, bá mi gé ọ̀rọ̀ tí o ń sọ níbẹ̀rẹ̀ yẹn kúrò jàre. Mò ń gbọ́ ohùn ẹ lójoojúmọ́, ṣé n ó tún máa gbọ́ ọ nínú mọ́tò mi ni?" O rẹ́rìn-ín, o gé e kúrò fún un. Mo wà ní ìdí àdògán, mo gbọ́ ọ.

Nígbà tí o kú, Hewitt sunkún ju èmi lọ. Kò pẹ́ sígbà náà ni ìjì jà, omi wọlé, kọ̀ǹpútà rẹ sì mumi yó, ó kú. Hewitt wá dúró sínú ẹrẹ̀ yàrá wa, ó ní, "Verna, gbogbo orin Elray ńkọ́?" Mo ní, "Ṣé o ò rí kọ̀ǹpútà níta ni? Omi ti bà á jẹ́." Òótọ́ ni mo sọ. Kò bi mí bóyá èkejì wà, èmi náà ò sì ráyè ọ̀rọ̀, ẹrẹ̀ ni mò ń kó. Ó dì mọ́ mi, ó ní, "Áà, ó mà ṣe o." Elray, inú ọkùnrin yẹn ti ń dùn kó tó dé ìta, ó rò pé tòun nìkan ló kù!

Ẹni tó gba orin sílẹ̀ tí kò fi ẹ̀dà kejì sí ilé ibòmíì, arìndìn lo máa ń pè é. Tìrẹ wà ní ìlú Opelousas, nínú agolo kọfí, lókè kọ́bọ́ọ̀dù àbúrò mi obìnrin. Omi ò mọ ibẹ̀. Hewitt náà ò mọ ibẹ̀.

Ó di àárọ̀ Sátidé kan lẹ́yìn Ọdún Àjíǹde. Mo ń yan ìyẹ̀fun nínú òróró fún ọbẹ̀ gọ́mbò, rédíò ń sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ni mo bá gbọ́ ohùn Hewitt. Ó ní, "Àwọn orin tí mo fi gbogbo ayé mi gbà sílẹ̀ nìyẹn. Mo fẹ́ kó wọn fún ilé ìkàwé, káwọn ọmọ wa má baà gbàgbé." Ọmọbìnrin orí rédíò bi í pé, "Ṣé ẹ̀yin nìkan lẹ dá a ṣe, sà?" Ó ní, "Rárá o. Ọ̀rẹ́ mi kan wà, Elray, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un. Ó máa ń bá mi ru báàgì."

Ó máa ń bá a ru báàgì! Ìwọ! Ìyẹ̀fun jó mọ́ ìkòkò níwájú mi. O mọ̀ pé láti ìgbà tí o ti fẹ́ mi, mi ò jó ìyẹ̀fun rí.

Renelle ti dìde. Ó ní, "Màmá, ẹ gbé fóònù fún mi. Ẹ jẹ́ n pe rédíò yẹn báyìí báyìí."

Mo ní, "Jókòó."

"Màmá, iṣẹ́ Dádì ló ń pè ní tiẹ̀ yẹn!"

"Mo ní kí o jókòó. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ṣì wà nílẹ̀. Jẹ́ kó gun àkàbà yẹn dókè ná."

Mo pe Hewitt fúnra mi. Mo fi oyin sẹ́nu. "Hewitt, o kú oríire o! Mo gbọ́ ọ lórí rédíò."

Ó ní, "Verna! Ṣé inú ò bí ẹ?"

"Inú kẹ̀? Orin yẹn ì bá kúkú parun. Àmọ́ Ozite ńkọ́? Bí Ozite àti ẹgbẹ́ ẹ̀ ò bá wò ó, ta ló máa kà á sí?"

Ó ní, "Kò sí wàhálà. Fáìlì mi tóbi dáadáa." Ẹnu ara rẹ̀ ló fi pe Ozite àti ẹgbẹ́ wá wò ó.

Ìwọ mọ Ozite Fuselier, olórí ẹgbẹ́ ẹ̀yin tí ẹ ń gba orin sílẹ̀, ìwọ mọ òfin yín. Kí wọ́n tó gba orin wọlé, wọ́n á kọ́kọ́ ṣí àwòrán ohùn rẹ̀ sójú gbogbo èèyàn. Ẹni tó bá gbé fáìlì tí wọ́n ti fún pọ̀ wá, tó pè é ní odindi, ó tán nìyẹn, kò sẹ́ni tó máa bá a pààrọ̀ orin mọ́ títí ayé. Hewitt mọ̀ pé kékeré ni tòun. Ló bá ní kí kọ̀ǹpútà sọ kékeré di ńlá padà, ó sì di ńlá lóòótọ́! Ó gba àyè tó tìrẹ gan-an. Òmùgọ̀! Ọmọ àgbẹ̀ ìrẹsì ni òun náà. Ìrẹsì tí wọ́n ti bó, bí o bá dà á sínú àpò tó tóbi, ṣé èèpo ẹ̀ á padà wá ni?

Ọjọ́ àyẹ̀wò pé, gbọ̀ngán ijó Odile kún fọ́fọ́ láàárọ̀ Sátidé. Kọfí wà, bíà wà, ìfun ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n kì ìrẹsì sí ń rú èéfín lórí tábìlì. Adley àgbà jókòó níwájú, akọ́díónì ẹ̀ wà lórí itan. Hewitt wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lọ̀ dáadáa. Ó fẹnu kò mí lẹ́rẹ̀kẹ́, mo sì jẹ́ kó ṣe é. Agolo kọfí wà nínú báàgì mi.

Wọ́n tẹ orin àkọ́kọ́. Àwọn èèyàn ń mirí. Renelle fún mi lọ́wọ́ mú, ó ní, "Màmá, èyí kì í ṣe irin mi." Kò sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, gbogbo ilé ló gbọ́. Ó tún ní, "Irin mi máa ń dún gbọọrọ ni. Èyí ń dún bí ẹni ń lu ṣíbí nínú omi!"

Ozite wo ojú rẹ̀, ó ṣí àwòrán ohùn náà sára ògiri. Orin tó pé, bí koríko ló ṣe máa ń hù lọ sókè, gíga níhìn-ín, kúkúrú lọ́hùn-ún. Ti Hewitt dé ibì kan, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, bí ẹni fi àdá gé e.

Ozite ní, "Hewitt, ta ló gé orí orin yìí?"

"Bó ṣe wà nìyẹn. Maikirofóònù mi ò fi bẹ́ẹ̀ dáa nígbà yẹn."

"Maikirofóònù kì í gé e báyìí. Wọ́n ti fún eléyìí pọ̀ rí. Odindi ẹ̀ dà?"

Òógùn bo ọkùnrin yẹn. Ó ní, "Ìjì. Ìjì ló gbé e lọ."

Elray! Omi ò dé ẹnu ọ̀nà Hewitt! Orí ibùsùn rẹ̀ ló sùn lọ́jọ́ yẹn, tí àwa wà lórí òrùlé. Ó wá jí orin rẹ, ó tún jí ìjì tó jà wá mọ́ ọn.

Mo dìde. Mo ní, "Ozite, ìjì ò gbé gbogbo ẹ̀ lọ." Mo gbé agolo kọfí sórí tábìlì. Ó mú dísìkì rẹ jáde, ó wá orin yẹn kan náà, ó tẹ̀ ẹ́.

Ìwọ lo kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Sátidé ni, òjò ń rọ̀, gbọ̀ngán Odile. Adley ló ń tẹ akọ́díónì, ọmọ mi Renelle ló ń lu irin. Elray Meaux ló ń gbà á sílẹ̀." Lẹ́yìn náà a gbọ́ kàràkàrà, kàràkàrà. O wá ní, "Hewitt, jọ̀ọ́, sún sẹ́yìn! Ò ń fi awọ ẹlẹ́dẹ̀ dídín yẹn pariwo sí mi ní maikirofóònù."

Ohun tó ní kí o bá òun gé sọnù nìyẹn! Kò gbọ́ ọ rí. Kò mọ̀ pé òun wà níbẹ̀, òun àti awọ ẹlẹ́dẹ̀ òun.

Adley àgbà ló kọ́kọ́ fèsì. Ó yí ọrùn padà, ó ní, "Hewitt, mo rántí awọ ẹlẹ́dẹ̀ yẹn. Tèmi lo jẹ." Ẹ̀rín bú! Wọ́n rẹ́rìn-ín títí bíà fi ń dà sílẹ̀. Irin Renelle wá wọlé, ó ń dún gbọọrọ títí kan àjà, Renelle sì bú sẹ́kún. Èmi ò sunkún. Ojú Hewitt ni mò ń wò. Mo wò ó títí ó fi mú fìlà rẹ̀, tó gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn jáde, kò sì sẹ́ni tó ní kó dúró. Ọjọ́ gbogbo ni tolè, ọjọ́ kan ni tolóhun. Ọjọ́ wa nìyẹn, Elray. Ó dùn mọ́ mi! Ó dùn mọ́ mi nínú ju oyin lọ!

Orin rẹ ti wà ní ilé ìkàwé báyìí, odindi, orúkọ rẹ ló sì wà lára gbogbo rẹ̀. Ẹgbẹ́ ò bá Hewitt da nǹkan pọ̀ mọ́. Ó wá sílé lọ́jọ́ kan, ó gun gbogbo àtẹ̀gùn wa, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó ní, "Verna, àṣìṣe ni." Mo ní, "Kéèyàn da iyọ̀ sọ́bẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì ni àṣìṣe. Tìrẹ olè ni. Máa sọ̀ kalẹ̀ padà." Fadá ní kí n dárí jì í. Mo ní, "Fadá, orí rédíò ló ti purọ́, kó lọ jẹ́wọ́ níbẹ̀. Ọjọ́ tó bá ṣe é, ẹ wá rán mi létí." Kò tíì lọ. Èmi náà ò tíì dárí jì í. Bí ọ̀run bá ń gbọ́, kí ó gbọ́.

Mo ń wa mọ́tò rẹ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀rọ orin inú rẹ̀ náà ò lè ka fáìlì ńlá, Renelle ló bá mi fún wọn pọ̀. Ó ní, "Màmá, ṣé kí n gé ọ̀rọ̀ Dádì kúrò níwájú?" Mo ní, "Gé e, kí n gé ọ létí." Nítorí náà, bí mo bá ti ṣíná, ìwọ lo máa ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ohùn tínrín-tínrín ti lọ kúrò nínú rẹ̀, mo mọ̀, àmọ́ ohùn rẹ wà níbẹ̀.

O rántí oríta tó wà níwájú ilé Hewitt, níbi tí òfin ti ní kí mọ́tò dúró? Ó máa ń jókòó síta mu kọfí láàárọ̀ Sunday. Mo máa ń dúró dáadáa. Mo máa ń yí gíláàsì wálẹ̀, mo máa ń gbé ohùn sókè, màá dá orin náà padà síbẹ̀rẹ̀. Ìwọ á ní, "Elray Meaux ló ń gbà á sílẹ̀." Awọ ẹlẹ́dẹ̀ á dún kàràkàrà. Ìgbà tó bá gbé kọfí ẹ̀ wọlé, tó ti ilẹ̀kùn, ni mo máa ń gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí bíréèkì.

A ò gbàgbé rẹ, ọkọ mi. Ẹ̀gbẹ́ ibùsùn rẹ ṣì tutù, mi ò sì tíì mọ́ ọn lára. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ lónìí bí mo ṣe nífẹ̀ẹ́ rẹ nígbà tí ariwo rẹ kún ilé. Sunday ni ọ̀la. Màá tún gbé ohùn rẹ sókè díẹ̀ sí i.