Ọkọ̀ Yín Tó Máa Ń Fà Sósì

Bàbá mi ọ̀wọ́n, olówó orí ìyá mi,

Mo ti pé ọdún mọ́kànléláàádọ́rin báyìí, mi ò sì gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Àjàní, àbíkẹ́yìn mi, ní kí n má jókòó sínú oòrùn, mo jókòó. Ìyàwó rẹ̀ ní kí n má fi ojú tó ń ṣe bàìbàì yìí kọ̀wé, èmi nìyí tí mò ń kọ ọ́. Wọ́n ní a kì í kọ lẹ́tà sí òkú. Ta ló sọ fún wọn? Oṣù mẹ́jọ péré ni mo fi jókòó níwájú tíṣà kí ẹ tó mú mi kúrò pé kí n wá máa ta aṣọ, ṣùgbọ́n oṣù mẹ́jọ yẹn kò ṣòfò. Bí mo bá ṣì í kọ níbì kan, ẹ fi orí jì mí. Bí ẹlòmíràn bá rí àṣìṣe, kó pa ẹnu rẹ̀ mọ́.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo gbé mì nígbà tí ẹ kú. Lánàá ni mo bì í jáde, níwájú èèyàn, nítorí kí Àjàní má baà kú irú ikú yín. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi, kí ẹ má lọ gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ̀hún.

Ọmọ ọdún méjì ni Àjàní nígbà tí ẹ lọ. Awakọ̀ ni òun náà báyìí. Ó ti ní kàmíọ̀n tirẹ̀, ó fi ń kó èkùrọ́ láti òkè wá sí etí òkun. Ọkọ̀ náà ń fà sósì. Ẹ gbọ́? Sósì, bíi tiyín. Ó gbá kùkùté ní nǹkan bí ọdún kan àbọ̀ sẹ́yìn, kò sì ṣe nǹkan kan sí i ju pé kó máa fi ọwọ́ ọ̀tún fa fólàn, ìyẹn àgbá tí wọ́n fi ń darí ọkọ̀, kó lè máa lọ tààrà. Nígbà tó yá, ọwọ́ náà mọ́ ọn lára. Bó bá ń jẹun, èjìká ọ̀tún rẹ̀ a ga ju tòsì lọ. Bó bá sùn sórí ẹní lọ́sàn-án, ọwọ́ yẹn á máa fa nǹkan tí kò sí níbẹ̀. Bàbá, a ò ní àwòrán yín nílé. Kò rí yín dójú àmì. Ta ló fún un ní ọwọ́ yín? Ìgbà mìíràn wà tí mo máa ń dìde kúrò nídìí oúnjẹ mi, nítorí mo ti rò pé ẹ̀yin lẹ jókòó sọ́wọ́ ọ̀hún.

Gbogbo ohun tí àwọn awakọ̀ máa ń ṣe láti tan ara wọn jẹ ni ó ṣe. Ó kọ́kọ́ ní ọ̀nà ló dagun, pé bí Faransé ṣe ṣe é nìyẹn. Ó fẹ́ atẹ́gùn sí táyà òsì títí ó fi le bí òkúta, kí ọkọ̀ lè gbé ara sókè lápá ibẹ̀. Ó gbé táyà òsì sí ọ̀tún, ó gbé tọ̀tún sí òsì. Oṣù kan kò pé tí èyí tó wá sósì náà fi jẹ ní ẹ̀gbẹ́ kan bíi gìgísẹ̀ bàtà arọ. Ó ra tuntun, ìyẹn náà jẹ. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wá yọ fólàn, ó tún un fi sí i kó lè dúró gbọọrọ lójú ẹni tó ń wa ọkọ̀. Ẹ ò rí nǹkan! Wọ́n kun ojú ní tìróò, ẹsẹ̀ ṣì wọ́.

Mo ní, "Àjàní, gbé okùn wá ká wọn ọkọ̀ yìí."

Ó ní, "Màmá, ṣé kàmíọ̀n fẹ́ dá bùbá ni?"

Mo ní, "Bó bá dá bùbá, á bá a lára mu ju bí orí rẹ ṣe bá ọ lára mu lọ."

Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ nígbà tó yá ó gbà. Ó ní òun á gbé e lọ bá Kòjó. Ẹ mọ Kòjó, ọmọkùnrin Mina tó ń tún ọkọ̀ yín ṣe nígbà náà. Ó ti dàgbà, awò ojú méjì ló ń lò, ó ṣì ń pè mí ní Davi bí wọ́n ṣe ń pe ọmọge lédè wọn. Ọjọ́ tí Àjàní gbà yẹn gan-an ni ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí. Nítorí yín ni.

Ẹ rántí bí iwájú ọkọ̀ yín ṣe máa ń wo Góòlù Kóòsì lápá òsì nígbàkígbà tí a bá kọrí sí òkè. Àwọn èrò á máa pariwo látẹ̀yìn pé, "Bàbá, Tsévié la sanwó rẹ̀ o, a ò san ti Góòlù Kóòsì!" Ẹ̀yin á ní, "Ìwà rẹ̀ ni. Ṣé ẹ̀yin ò ní ìwà tiyín ni?" Bí a bá wá dé orí afárá kékeré yẹn lọ́nà Tsévié, èyí tó jẹ́ pátákó méjì péré, ọ̀kan fún ẹsẹ̀ òsì, ọ̀kan fún ẹsẹ̀ ọ̀tún, ẹ máa ń wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹ ó sì fún fólàn ní ìbú ọwọ́ kan sí ọ̀tún, kí ọkọ̀ tó ráyè fà yín. Ẹ kì í gbàgbé. Mo rò pé ẹ ò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹ ń ṣe é mọ́.

Lẹ́yìn náà ni ibà dá yín dúbúlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin.

Mo mú okùn tí mo fi ń wọn aṣọ. Mo ní kí wọ́n kó gbogbo ẹrù kúrò, kí wọ́n ti ọkọ̀ yín dé orí ilẹ̀ títẹ́jú, nítorí bí ẹrù bá wà nínú rẹ̀ tàbí tí ilẹ̀ bá dagun, irọ́ ni okùn máa pa. Mo wọ̀n ọ́n láti àárín ẹsẹ̀ ẹ̀yìn dé àárín ẹsẹ̀ iwájú, lápá ọ̀tún, lẹ́yìn náà lápá òsì. Òsì fi ìka méjì kúrú. Èmi ni mo rí i, Bàbá! Gbogbo àwọn ọkùnrin tó ti ń rá pálá lábẹ́ ọkọ̀ yẹn látọdún yìí wá, kò sẹ́ni tó rí i. Irin gbọọrọ tó gbé ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì ti sún sẹ́yìn lápá kan. Kòjó tú ohun tó dè é, ó fi òòlù gbá a padà sí àyè rẹ̀, ó sì gé ọ̀pá kan tí a fi wo àárín àwọn táyà iwájú, níwájú àti lẹ́yìn, títí ó fi bára mu. Nígbà tó parí, ó nu ọwọ́. Ó ní, "Davi, ẹ sọ fún bàbá o." Mo ní mo ti gbọ́.

Mi ò sọ fún yín.

Mo fẹ́ kí ẹ fúnra yín mọ̀ ọ́n lọ́wọ́. Mo fẹ́ kí ẹ yíjú sí mi kí ẹ ní, ta ló ṣe èyí? Èmi á wá dákẹ́ díẹ̀ kí n tó dáhùn. Mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu yín pé ọmọ tí ẹ mú kúrò níléèwé yìí lóye. Ìgbéraga ni. Ọ̀dọ̀ ta ni mo ti mú un ná?

Nígbà tí a gbéra láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, yanrìn jìn. Ipa táyà àwọn tó ti kọjá ló gbé wa lọ bí omi ṣe ń gbé ọkọ̀ ọlọ́pọ́n, ọwọ́ yín kò rí nǹkan mọ̀. Ní ibì kan tí ilẹ̀ le díẹ̀, ẹ wo ọwọ́ yín. Ẹ fi orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo mọ̀ pé ìbéèrè ti dé ẹnu yín. Mo kọjú síta, mò ń rẹ́rìn-ín sínú.

Afárá dé. Ẹ wúkọ́. Ẹ fún un ní ìbú ọwọ́ kan sí ọ̀tún.

Ọkọ̀ sì gbọ́ràn. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó gbọ́ràn sí yín lẹ́nu bẹ́ẹ̀.

Ẹsẹ̀ ọ̀tún yẹ̀ kúrò lórí pátákó, a já sísàlẹ̀. Omi ibẹ̀ kò mu ni dé orúnkún. Fólàn ló gbá yín láyà. Èmi tí mo fò bọ́ sórí yanrìn, ọrùn ọwọ́ kan péré ló kán. Nígbà tí ọlọ́pàá dé tó ń kọ ọ́ sílẹ̀, ó bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀, mo ní mi ò mọ̀. Àwọn kan ní bàbá arúgbó ni, ara rẹ̀ kò tíì le, á jẹ́ pé ó sùn lọ. Ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mo ń wò ó. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń jẹ orógbó kí oorun má baà kùn yín! Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n ti ń fi yín ṣe òwe níbùdókọ̀. Bí awakọ̀ bá ti ń gbéra, àwọn yòókù á ní, "Má sun oorun Bàbá Ànàgó o!" Mo sì ń gba ibẹ̀ kọjá pẹ̀lú aṣọ lórí, mi ò sọ̀rọ̀. Wọ́n ti fi sìmẹ́ńtì ṣe afárá yẹn báyìí, síbẹ̀ mi ò tíì gun orí rẹ̀ rí. Bí wọ́n bá ń gún odó ní agbo ilé kejì, pátákó yẹn ni mò ń gbọ́. Ṣé ẹ̀yin náà ń gbọ́ ọ?

Lánàá, Kòjó parí ọkọ̀ Àjàní. Èkùrọ́ ń dúró dè é ní òkè Tsévié, Àjàní ti gbé ẹsẹ̀ kan sórí ọkọ̀. Ẹnì kan lára àwọn awakọ̀ tó wà níbẹ̀ sì ké pé, "Ó yá, má sun oorun Bàbá Ànàgó o!" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àjàní tẹ orí ba, bó ṣe máa ń ṣe.

Mo lọ dúró síwájú ọkọ̀. Mo fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́. Mo ní, "Bàbá mi kò sùn. Èmi ni mo tọ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀ rẹ̀ tí mi ò sọ fún un. Ọwọ́ rẹ̀ ṣe ohun tó ti ń ṣe láti ọjọ́ yìí wá. Èmi ni mo pa á."

Kòjó yọ awò rẹ̀, ó ní, "Òótọ́ ni. Mo wà níbẹ̀."

Àjàní ní, "Màmá, láti ọdún wo?"

Mo ní, "Ka ọjọ́ orí rẹ, kí o yọ méjì."

Mo gun ọkọ̀ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo ní kò ní lọ sí Tsévié lọ́jọ́ náà, kò ní gbé ẹrù kankan. Ọwọ́ tó bá ti mọ ọkọ̀ wíwọ́, ó yẹ kó tún ọkọ̀ títọ́ kọ́. A wà á lófìfo lọ sí pápá títẹ́jú lápá Kégué. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló gbé wa wọ inú koríko, lápá ọ̀tún. Mo ń pariwo, "Tú ọwọ́ rẹ! Tú u!" Títí oòrùn fi yẹ̀ ni mo pariwo, ohùn mi há. Nígbà tí ọwọ́ náà wá rọ̀, ó pa ọkọ̀, ó ní, "Ká ní mo ti gbé e lọ sí Tsévié tààrà..." Bí a ṣe dé ilé, ó wọlé lọ láìwo ojú mi.

Láàárọ̀ yìí ó pẹ́ kó tó jáde. Mo ti rò pé kò ní wá. Ó wá, ó dọ̀bálẹ̀, ó kí mi pẹ̀lú ojú kíkorò, mo sì dá a lóhùn.

Ìyẹn ló jẹ́ kí n mú ìwé. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ lò ní ọsibítù kí ẹ tó kú. Láràárọ̀ ni mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì yín pẹ̀lú ọwọ́ dídì, mo kí yín, ẹ sì kọjú sí ògiri. Ojú yín là. Ṣé àyà ni kò jẹ́ kí ẹ lè sọ̀rọ̀, àbí ẹ ti mọ̀? Ẹ̀yin tí ẹ máa ń dá ẹni tí ẹ ń bá jà lóhùn, tí ẹ sọ pé ìkíni kì í sùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ilé yín! Ẹ̀yin nìkan lẹ máa ń fi oríkì mi dáhùn. Mi ò ní kọ ọ́ síbí, tiyín ni. Kò sẹ́ni tó ti fi pè mí látìgbà náà.

Mo ti san tèmi. Gbogbo ibùdókọ̀ ti mọ̀ báyìí pé ẹ ò sùn. Bí ẹ bá ń bínú, ẹ fi ìbínú dáhùn, mo ti gbà á. Ẹ má kàn dákẹ́.

Èmi ọmọ yín ni, tó fẹ́ràn yín lórí ìkúnlẹ̀. Ìdáhùn ìkíni mẹ́ta lẹ jẹ mí.

Ẹ san án.